Ẹ̀kọ́ Tí Ó Yè Kooro àti Owó Bíríkìlà

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù fi Títù sílẹ̀ ní erékùṣù Kírétè, lẹ́tà tí ó kọ sí i kò ju orí mẹ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó tẹnu mọ́ ẹ̀kọ́ tí ó yè kooro. Ẹni tí ó bá ṣí orí kejì lè máa retí àlàyé ìjìnlẹ̀. Ọtí àmujù, ìbanijẹ́, ìtọ́jú ilé àti ẹrú tí kò gbọdọ̀ jí ohun ìní olówó rẹ̀ ni yóò bá níbẹ̀.

Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe bí wọ́n ṣe lo “yè kooro”. Ọ̀rọ̀ ìlera ni, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú èdè Gíríìkì. Ara tí ó le kì í sùn sílé ṣáá.

Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí, ìwàásù nípa irúgbìn owó ti sọ ìtọrẹ di òwò. Ẹni tí ó ń fún Ọlọ́run lówó nítorí èlé, kí ni yóò rí lára opó tí kò ní ohun tí yóò fi san oore padà? Orí kẹta lẹ́tà náà kò fi àyè gba irú òwò bẹ́ẹ̀: àánú ni ìgbàlà, kò sí ẹni tí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rà á. Síbẹ̀, kò pẹ́ rárá tí Pọ́ọ̀lù fi pa á láṣẹ pé kí àwọn onígbàgbọ́ tẹra mọ́ iṣẹ́ rere. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ méjèèjì takora. Wọn kò takora. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni òun gbà ni ó lè fúnni láìṣírò.

Ẹ wo díákónì tí ó dá owó ńlá fún kíkọ́ ilé ìsìn, tí ìjọ sì pàtẹ́wọ́ fún, nígbà tí àwọn bíríkìlà tí ó kọ́ ilé tirẹ̀ ń wá owó iṣẹ́ wọn kiri. Jákọ́bù ti kọ̀wé nípa irú owó bẹ́ẹ̀: ó ní ariwo rẹ̀ ń dé etí Ọlọ́run. Ó sì ṣòro láti gbà pé àlùfáà tí ó gba ọrẹ náà kò gbọ́ nǹkan kan. (Ti ìyá oníṣòwò tí ó tẹ ìdí kóńgò gàrí wọnú kò yàtọ̀.)

Nígbà tí Sákéù agbowó-òde ronú pìwà dà, ìdajì ohun ìní rẹ̀ ni ó yà sọ́tọ̀ fún àwọn tálákà. Lúùkù kò sọ pé ó gbé kọ́bọ̀ kan lọ sí tẹ́ńpìlì. Àwọn tí ó rẹ́ jẹ ni ó ṣèlérí láti dá owó padà fún, ní ìlọ́po mẹ́rin.