Kùkùté Ẹ̀hìnkùlé Tíṣà

Ọ̀ràn kékeré kan wà tí a rò pé ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ bá ara wa sọ kí á tó túká lọ sí ibi iṣẹ́. Kò wọ́pọ̀ kí á fún tíṣà ní ilé ní ìletò kí ó má bá kùkùté ní ẹ̀hìnkùlé. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú ti gé dongoyárò, ó ti fi igi rẹ̀ dáná, ó sì fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀. Àwa ni ẹni tí ń bọ̀ náà.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ọ̀pọ̀ tíṣà ń ṣe sí i. Ọmọ tí ó bá pẹ́ dé, tàbí tí ó bá pariwo ní kíláàsì, òun ni a ó sọ fún pé, “Lọ hú kùkùté yẹn.” A ó fún un ní àdá tí kò mú. Títí agogo yóò fi lù, èèpo igi nìkan ni yóò rí bó. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá ń mi kùkùté, ara rẹ̀ ni ó ń mì. A kò rò pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá wí.

Èrò tiwa ni pé kí á fi àṣà yìí sílẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 kọ iṣẹ́ àfipáṣe fún ọmọdé; ṣùgbọ́n bí kò tilẹ̀ sí òfin, ohun tí baba ọmọ náà fi ń wá oúnjẹ lóko ni tíṣà ń sọ di ìyà lójú rẹ̀. Bí a bá wá dúró níwájú pátákó tí a ń yin iṣẹ́ oko, ta ni yóò gbà wá gbọ́? Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan ní àwa náà hú kùkùté, kò sì pa wá. Òtítọ́ ni. Mélòó nínú wa ni inú rẹ̀ ń dùn láti di ọkọ́ mú lónìí?

Kùkùté kì í ṣe ohun tí a fi agbára nìkan hú. Bí igi bá ṣì wà lóòró, kí a má ṣe gé e mọ́lẹ̀. Kí a fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 3 tàbí 4 sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni a ó dì mú láti tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹni tí ó gé e mọ́lẹ̀ ti sọ èkù rẹ̀ nù. Kí a dúró de òjò kí ilẹ̀ rọ̀. Lẹ́hìn náà kí a gbẹ́ kòtò yí i ká, kí ó jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Púpọ̀ nínú gbòǹgbò igi kì í wọlẹ̀ ju ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń nà sí. Kí a fi omi fọ yẹ̀pẹ̀ kúrò lára wọn, nítorí iyanrìn a máa ba ẹnu àáké jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí a gé gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan, lẹ́bàá kùkùté àti ní etí kòtò, kí a yọ ti àárín kúrò kí àáké lè rí àyè. Nígbà tí ó bá ku gbòǹgbò tí ó lọ tààrà sísàlẹ̀, kí a máa tì í títí yóò fi fara hàn, kí a sì gé e.

Ti ọ̀pẹ rọrùn, nítorí bí a bá ti gé e kò tún hù mọ́. Ṣùgbọ́n dongoyárò àti tíìkì yóò tún rú láti ara kùkùté.

Àwọn kan fẹ́ràn iná. Iná a máa wọ inú gbòǹgbò lọ, a sì máa jó lábẹ́ ilẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìsí ẹni tí ó rí i. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ kí ó jẹrà, ikán yóò kó dé. Bí a bá gbin ẹ̀gẹ́ tì í, olú tí ń jẹ òkú igi lè gba ara gbòǹgbò wọ inú ẹ̀gẹ́ náà kí ó sì bà á jẹ́.

Kí tíṣà fúnra rẹ̀ mú àáké ní ọjọ́ Sátidé. Bí àwọn ọmọkùnrin tí ó ti dàgbà bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n wá gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n sì kó igi ìdáná náà lọ fún ìyá wọn. Kòtò náà yóò rì lẹ́hìn òjò mélòó kan, nítorí náà kí a kó yẹ̀pẹ̀ lé e kí ó ga díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. Ewédú tàbí ilá ni kí a gbìn síbẹ̀ ní ọdún kìn-ín-ní.