Ẹ Jẹ́ Ká San Owó Ọ̀nà Fún Nọ́ọ̀sì Tó Ń Wá Sílé

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ inú ilé ni, àmọ́ ó kan ọjà. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú àwọn òbí wa tó dùbúlẹ̀ àìsàn nílé ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Èrò tiwa ni pé à ń rẹ́ wọn jẹ, ìrẹ́jẹ náà sì ń padà wá bá wa nílé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ara wa ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá ọkọ wa, ọsibítù ní ká máa gbé wọn lọ sílé. A ò lè ti ìsọ̀ pa, la bá gba nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ìjẹ́ńsì kan. A dúnàá dúràá bí ẹni tó ń ra tòmátò tó ti rọ̀. Ìjẹ́ńsì ń gba ₦120,000 lóṣù. Ó pẹ́ ká tó mọ̀ pé ₦55,000 péré ló ń dé ọwọ́ ọmọbìnrin náà, nínú ẹ̀ ló sì ti ń wọkọ̀ wá láti Amùkòkò.

Iṣẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wọn ṣúgà, ó ń fún ìyá lóògùn, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó sì ń yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà ní wákàtí méjì méjì kí ara wọn má baà dégbò. Ìyá wa yìí kì í ṣe ẹni fúyẹ́ o! Àwa tún wá ní kó bá wa fọ aṣọ àwọn ọmọ, kó bá wa gbé ọbẹ̀ kaná. Ní oṣù kẹta, ó lọ, kò padà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi ń wá ẹlòmíì, egbò ti dé sí ìdí ìyá. Owó tí a fi tọ́jú egbò náà ju owó tí à ń ṣahun ẹ̀ lọ. Ẹ̀bi wa ni, a ò ní í purọ́.

Ẹ wo alábàárù wa. Ta ló máa ń sanwó fún un fún ìgbà tó ń sọ ẹrù kalẹ̀ nìkan? Kò sí. Ọ̀nà tó rìn la ń sanwó ẹ̀. Kí ló wá dé tí nọ́ọ̀sì fi máa já gbogbo omi àgbàrá Ajégúnlẹ̀ kọjá, tí tírélà máa dá a dúró ní Àpápá, tí a ó wá ní ìgbà tó wọlé la bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ ẹ̀? Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Àpápá sì wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni òmíì fi ń rìn.

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ìlú Ọba mọ ohun tí à ń wí. Ìṣẹ́jú 15 tàbí 30 ni wọ́n ń lò nílé arúgbó kan kí wọ́n tó sáré lọ sí òmíì. Òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n ka ìrìn àárín ilé méjì mọ́ iṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó iṣẹ́ tó kéré jù, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń tẹ̀lé e. Tí ọmọ wa bá fóònù, tó ń sunkún, àwa náà á máa gbé wọn ṣépè. Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni tó wà nílé wa ńkọ́?

Ẹ má sì rò pé òfin ilẹ̀ wa máa gbà á. Owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024, àmọ́ òfin náà yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25 sílẹ̀, ó sì yọ ẹni tí à ń sanwó fún ní ìwọ̀n iṣẹ́ tó ṣe sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ìjọba ní ẹgbẹ́: ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà nítorí owó àjẹmọ́nú àti àìtó òṣìṣẹ́, kí wọ́n tó dá a dúró ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ. Ti inú ilé kò ní ẹgbẹ́. Ẹ̀rí ọkàn wa nìkan ló ní.

A mọ̀ pé àwọn kan máa ní, “Ìyá akọ̀wé, owó dà? Ọjà ò tà.” Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi mú àbá wá:

Ìkíní, kí ilé mẹ́ta mẹ́rin tó ní aláìsàn ládùúgbò kan náà kó owó jọ bí ẹni ń dá àjọ, kí wọ́n gba nọ́ọ̀sì kan náà. Ìrìn á dín kù fún un, ìnáwó á dín kù fún wa.

Ìkejì, ẹ bi í léèrè ìwé àṣẹ tí Nursing and Midwifery Council of Nigeria fún un. Ẹni tó kàn kọ́ṣẹ́ ní kílíníkì àdúgbò lè wẹ aláìsàn, àmọ́ kì í ṣe ẹni tí a ó fún ní abẹ́rẹ́ gún.

Ìkẹta, ẹ kọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé. Fífọ aṣọ àti síse ọbẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ìkẹrin, ẹ bi ìjẹ́ńsì pé èló ló ń dé ọwọ́ ẹ̀, kí ẹ sì san owó ọkọ̀ lọ́tọ̀.

Àwa tí à ń bínú tí kọ́sítọ́mà bá dá ọjà wa sí yẹpẹrẹ, ẹ jẹ́ ká má dá òógùn ọmọ ọlọ́mọ sí yẹpẹrẹ. Gbogbo wa là ń dàgbà lọ. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀yìn tiwa náà á fẹ́ ẹni tó máa yí i padà.

Ọjà á tà o. Aláìsàn wa á dìde. Àṣẹ.