Ìdánìkanwà kì í ṣe ìṣòro òyìnbó nìkan: Ohun tó ń ṣe sí ara ènìyàn rèé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Áfíríkà ló gbà pé ìlú òyìnbó ni ìdánìkanwà ń gbé, níbi tí aládùúgbò kì í ti í mọ orúkọ ẹnìkejì rẹ̀. Èrò wọn ni pé ibi tí ẹbí àti ará bá pọ̀ sí, kò sẹ́ni tó lè dá wà níbẹ̀.

Àmọ́ ìròyìn tí ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ Àjọ Ìlera Lágbàáyé, WHO, gbé jáde lóṣù Kẹfà ọdún 2025 kò gbe èrò yìí lẹ́yìn. Ó ní ẹnìkan nínú ènìyàn mẹ́fà lágbàáyé ló ń jẹ ìyà ìdánìkanwà. Láwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí jájẹ, nǹkan bíi ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Láwọn orílẹ̀-èdè olówó, nǹkan bíi ìdá 11 péré ni.

Ìgbìmọ̀ náà ṣírò pé ikú tó lé ní 871,000 lọ́dọọdún ló ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀, tó túmọ̀ sí nǹkan bíi ikú 100 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Báwo ni ẹ̀dùn ọkàn ṣe ń di àìsàn ara?

Ọ̀rọ̀ kan náà, ọkàn, ni Yorùbá ń lò fún ohun tó ń lù láyà àti fún ibi tí ìbànújẹ́ ń gbé. Ìmọ̀ ìṣègùn fi hàn pé àwọn méjèèjì kò jìnnà síra wọn.

Nígbà tí ènìyàn bá ń bẹ̀rù tàbí tí kò rí ẹni bá rò, ọpọlọ a máa ṣe bí ẹni pé ewu wà nítòsí. Ara a tú èròjà bíi cortisol àti adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà a máa sáré lù, ẹ̀jẹ̀ a ru, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a sì gòkè.

Èyí wúlò fún ẹni tó ń sá fún ewu fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá di ojoojúmọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, oorun a dínkù, agbára ara láti gbógun ti àrùn a sì rẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni ewu rọpárọsẹ̀, àìsàn ọkàn àti àtọ̀gbẹ ti ń pọ̀ sí i.

Lóòótọ́, àìsàn fúnra rẹ̀ tún lè lé ọ̀rẹ́ jìnnà sí ènìyàn, tí ọ̀kan á sì máa bí èkejì.

Kí ló ń tú okùn ẹbí ní Nàìjíríà?

Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣe japa ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n owó kì í ṣàkíyèsí pé Bàbá kò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta.

Látìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti gbówó lórí, àwọn ajínigbé sì ń dẹ́rù bani lójú ọ̀nà. Ìrìnàjò sílé fún ìsìnkú tàbí ìsọmọlórúkọ ti di ìnira.

Ní Borno, Adamawa àti Yobe, ìjà Boko Haram ti lé ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì kúrò nílé. Kì í ṣe ilé nìkan ni wọ́n pàdánù. Aládùúgbò pẹ̀lú lọ.

Kí ni Nàìjíríà lè rí kọ́ lára Zimbabwe?

Ní Harare lọ́dún 2006, oníṣègùn ọpọlọ Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà 14 láti máa gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ènìyàn lórí ìjókòó gbọọrọ níta ilé ìwòsàn. Àrònújù, tí àwọn Shona ń pè ní kufungisisa, ni wọ́n ń tọ́jú. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2016 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó bá wọn jókòó yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ.

Nàìjíríà náà ní ìyá àgbà, ó sì ní ilé ìwòsàn alábọ́dé. Lóṣù Kìíní ọdún 2023, ààrẹ buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ. Ìjọba kò lè wá ọ̀rẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lè bi aláìsàn léèrè ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé, kó sì mọ ibi tó máa darí ẹni tí kò ní ẹnìkankan sí.

Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Ẹni tó bá wà níhòòhò, otútù á mú un.