Agbọ̀n Méjì àti Ìgò Òróró Kan

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, èmi ni àjọ kàn láti kó. Kí owó náà tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni mo ti mọ ohun tí n ó fi rà: ẹ̀rọ ìdínǹkan ńlá oníagbọ̀n méjì, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní air fryer. Kì í ṣe afẹ́ lásán ló gbé e sí mi lọ́kàn. Dókítà ti sọ fún Màmá mi pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ó ní kí wọ́n dín òróró àti iyọ̀ kù. Màmá sì nìyí, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ dòdò ṣeré. Bí òwúrọ̀ Sátidé bá mọ́ tí agbada kò sí lórí iná nílé wa, aládùúgbò á wá béèrè bóyá àlàáfíà la wà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí sí mi létí. Ó ní adìẹ wà nínú agbọ̀n kan, ọ̀dùnkún wà nínú èkejì, àwọn méjèèjì á sì jinná lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, “Àdùkẹ́, rà á fún Màmá. Yóò dín òróró kù, yóò sì dín owó kù.” Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ sanwó, ìbéèrè kan dìde nínú mi: yóò dín owó kù ju ti kí ni lọ? Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ibi tí n kò rò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí jẹ́ gan-an. Orúkọ rẹ̀ ń tan ni díẹ̀, nítorí kì í dín nǹkan bí òróró gbígbóná ṣe ń dín in. Wáyà kan wà lókè inú rẹ̀ tó máa ń gbóná, fáànù kan sì wà níbẹ̀ tó ń fi agbára fẹ́ ooru náà yí oúnjẹ ká. Atẹ́gùn gbígbóná yìí ló ń fa omi kúrò lára oúnjẹ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi pọ́n, tí á sì gbẹ. Oven kékeré tó ní fáànù alágbára ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ Philips gbé Airfryer tirẹ̀ jáde níbi ìpàtẹ ọjà IFA ní ìlú Berlin lọ́dún 2010, agbọ̀n kan ṣoṣo ló sì ní. Ẹ̀yìn náà ni oníagbọ̀n méjì dé, kí ìdílé tó pọ̀ má baà máa dín nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta kí oúnjẹ alẹ́ tó pé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti jẹ́ òótọ́ nìyí. Nígbà tí owó iná àti gáàsì gun òkè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2022, ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ sáré ra ẹ̀rọ yìí. Oven ńlá ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní láti mú odindi inú rẹ̀ gbóná kí wọ́n tó lè yan itan adìẹ mẹ́rin péré. Ẹ̀rọ kékeré tó ń tètè gbóná, tó sì ń tètè parí iṣẹ́, á dín iná kù fún irú wọn láìsí àní-àní. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ló ń fi oven se oúnjẹ alẹ́? Nílé tiwa, inú oven tó wà lábẹ́ kúkà gáàsì ni a ń kó ìkòkò àti agbada sí. Orí gáàsì ni à ń se nǹkan. Nítorí náà, bí èmi bá fẹ́ ṣírò owó, gáàsì àti òróró ni kí n gbé ẹ̀rọ náà wò pẹ̀lú. Ìṣirò ará Lọ́ńdọ̀nù kò lè bá mi mu.

Mo wá pinnu láti dán an wò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà, ní Ìbàdàn níbí, ní irú ẹ̀rọ yìí. Ní Sátidé kan, mo ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n mẹ́rin, iṣu díẹ̀ àti ẹja Titus mẹ́ta lọ sílé rẹ̀. A ka mítà kí a tó tan ẹ̀rọ náà, a sì tún un kà nígbà tó parí. Ìṣẹ́jú 35 la fi lo agbọ̀n méjèèjì, iná tó jẹ kò ju yúníìtì kan àti díẹ̀ lọ. Band A ni àdúgbò wọn, èyí tí àjọ NERC gbé owó rẹ̀ sókè ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, tí ó sì wà ní nǹkan bí ₦209 fún yúníìtì kan ní oṣù Keje ọdún náà. Bí a bá fi iye yẹn ṣírò, nǹkan bí ₦230 ni iná tí a lò. Ẹnu kan gáàsì tí iná rẹ̀ mọ níwọ̀n kì í jó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá kílò láàárín ìdajì wákàtí. Kí oníkálukú fi iye tí wọ́n ń ta kílò gáàsì ládùúgbò rẹ̀ ṣírò, yóò rí i pé iná kọ́ ni ẹ̀rọ yìí ti ń bá wa pa owó mọ́. Òróró nìkan ló lè bá wa dín kù.

Adùn ńkọ́? Ẹja náà dára púpọ̀. Awọ rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ rọ̀, ọ̀rá ara rẹ̀ sì ro sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n. Ilé kò kún fún èéfín, òróró kò sì ta sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Iṣu náà ṣeé jẹ lẹ́yìn tí a fi ṣíbí òróró kan pa á lára. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo tìtorí rẹ̀ lọ, òun náà ló sì já mi kulẹ̀. Ó dùn, ó pọ́n, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbẹ. Ó jọ bọ̀ọ̀lì ju dòdò lọ. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn ìyá tó ń yan bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì ti ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ aláìlóròóró fún wa tipẹ́, ẹyin iná nìkan ni wọ́n sì ń lò. Ti àkàrà tilẹ̀ tún yàtọ̀: ẹ̀wà lílọ̀ tó ṣàn kò lè dúró nínú agbọ̀n oníhò, gbogbo rẹ̀ ni yóò ro sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń ra ẹ̀rọ yìí nítorí àkàrà, kí ó tún èrò rẹ̀ pa.

Lẹ́yìn adùn, ó kan ọ̀rọ̀ iná. Ẹ̀rọ oníagbọ̀n méjì ńlá sábà máa ń gba wáàtì 2,400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń fi ọwọ́ kan gbé kò lè gbé e. Ínfátà ilé wa, tó ń gbé gílóòbù àti fáànù, kò gbọdọ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Kódà níbi tí iná wà, ara ògiri gan-an ni kí a ti so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí iná bí ámpù 10 ló ń fà. Ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú lè gbóná títí yóò fi yọ́, ó sì lè dáná sí ilé. Ní àdúgbò tiwa, Band D ni wá. Wákàtí 8 lóòjọ́ ni ìlérí, òru sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń dé. Ta ni yóò dìde ní aago méjì òru kí ó máa dín dòdò?

Ọ̀rọ̀ ìtóbi náà tún wà níbẹ̀. Wọ́n á kọ lítà 9 sí ara páálí, ojú á sì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n lítà 9 tí a pín sí méjì jẹ́ lítà mẹ́rin àbọ̀ nínú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Odindi adìẹ ńlá lè má wọ inú ọ̀kankan nínú wọn. Bí a bá sì to oúnjẹ léra wọn, atẹ́gùn kò ní ráyè yí i ká, apá kan á pọ́n, apá kan á funfun. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Tọkọtaya tuntun tí kò tíì bímọ kò nílò agbọ̀n méjì. Oníagbọ̀n kan tó gba nǹkan bí lítà mẹ́rin á tó wọn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju wáàtì 1,500 lọ.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ọkàn mi ṣì ń fà sí i. Mo ń sọ fún ara mi pé ìlera Màmá kò ṣeé fi owó rà, pé iná lè sunwọ̀n sí i lọ́la. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣàlàyé gbogbo ìṣirò mi fún wọn. Wọ́n fetí sílẹ̀ títí mo fi parí, wọ́n sì fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè pé, “Àdùkẹ́, ṣé kí n máa dín in bí mo ṣe ń dín in lọ títí tí ẹ̀rọ náà yóò fi dé ni?”

N kò rí èsì fọ̀. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí dókítà ti bá wa sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, agbada wa kò tíì sinmi. Òróró kan náà, iyọ̀ kan náà, torí pé ẹ̀rọ ń bọ̀. Èmi tí mo rò pé mo ń wá ìwòsàn fún Màmá ti sọ ohun tí n kò tíì rà di àwáwí fún ohun tó yẹ kí a ti ṣe. Ó sì tún hàn sí mi pé ọ̀nà méjì ni ìkìlọ̀ dókítà ní, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ni gbogbo wa gbọ́. Òróró ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáá; a gbàgbé iyọ̀, iyọ̀ ló sì súnmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má ṣe tó gíráàmù 5, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí ṣíbí ìmutíì kan. Iyọ̀ inú mágì, ti inú búrẹ́dì àti ti inú indomie wà nínú ìṣirò yẹn pẹ̀lú. Kò sí agbọ̀n náà, ì báà jẹ́ méjì tàbí mẹ́wàá, tó lè yọ iyọ̀ kúrò lára ẹja tí a ti fi í pa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú gègé, mo fa ìlà mẹ́rin sára ìgò òróró. Ìlà kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí a bá ti kan ìlà kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmá kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń wọn òróró bí oníṣòwò epo. Dòdò di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ní ọjọ́ tó kù, a ń se ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ tàbí kí n ra bọ̀ọ̀lì bọ̀. Ẹja di ohun tí à ń bọ̀ pẹ̀lú atare, ata àti àlùbọ́sà. Mágì méjì di ìdajì ọ̀kan, irú tí a ti ṣà ló sì gba ipò rẹ̀ nínú ọbẹ̀. Ìgò òróró tí kì í pé ọ̀sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ di ohun tí à ń lò fún oṣù kan. Nínú owó àjọ náà, mo ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lápá. Àárọ̀ àti alẹ́ ni Màmá ń lò ó, wọ́n sì ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé fún dókítà. Iye náà kò tíì rí bí a ṣe fẹ́, oògùn wọn sì ń lọ déédéé, ṣùgbọ́n ní báyìí a mọ ibi tí a dúró sí.

Ṣé mo ń sọ pé ẹ̀rọ oníagbọ̀n méjì kò dára ni? Rárá o. Bí ilé yín bá tó ẹni mẹ́rin sókè, tí iná ń wà ní àsìkò oúnjẹ, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì gidi wà lára ògiri ilé ìdáná, tí ẹ sì ń jẹ adìẹ, ẹja tàbí ọ̀dùnkún díndín ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, owó yín kò ní ṣòfò. Kí ẹ tó san án, ẹ yá ti ọ̀rẹ́ yín lò fún ọjọ́ kan, kí ẹ ka mítà, kí ẹ sì gbé oúnjẹ tí ẹ ń jẹ gan-an sínú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ rí nínú fídíò. Bí iná àdúgbò wa bá yí padà, èmi náà lè rà á lọ́jọ́ kan.

Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì béèrè iye tí mítà ẹ̀jẹ̀ ríru náà sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo kà á fún un láti inú ìwé Màmá.