Fóònù Lọ́wọ́, Ìdí-Igi Nílé

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ amòfin ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé àwọn òbí ń bi mí léraléra bóyá kí wọ́n ra fóònù olówó gọbọi fún ọmọ tó wọ ẹ̀ka òfin, tàbí kí wọ́n fi owó náà ra ìwé.

Ẹ wo bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan wà ní Òkukù, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa ìṣàkóso iṣẹ́ àti ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ifẹ̀tẹ̀dó ni wọ́n fi ti òfin sí. Ọmọ Ìnísà tàbí Ìkìrun tó bá fẹ́ ka òfin yóò kó ẹrù rẹ̀ kọjá Òṣogbo, yálà sí Ifẹ̀tẹ̀dó tàbí sí Ilé-Ifẹ̀. Bí ìsinmi bá dé, ó fi ilé-ìkàwé òfin sílẹ̀ lẹ́yìn, fóònù ọwọ́ rẹ̀ ló kù. Ìdí nìyí tí mo fi ń kó àwọn kan jọ ní Ìkìrun nígbà ìsinmi, láti Ìnísà àti Òkukù pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá rí owó ọkọ̀ a bá wa pé lórí Zoom, bí iná àti dátà bá gbà.

Ẹ̀rọ kì í ṣe àjèjì sí wọn. Ní 2013 ni ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sí, fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà. Ẹ̀gbọ́n àwọn tí mò ń kọ́ ló lò ó. N kò bá wọn jà nítorí ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe ń yára gba ìdáhùn rẹ̀ gbọ́ ló ń kọ mí lóminú.

Mo fún wọn ní ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Ọkùnrin kan kú ní Èkó láì kọ ìwé ìpíngún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ọ̀nà mẹ́rin ni kí a pín dúkìá rẹ̀ sí, ìyẹn ìdí-igi, àbí ọ̀nà mẹ́sàn-án, ìyẹn orí-ò-jorí? Kí n tó jókòó, ọ̀kan ti wo fóònù: “Sà, ìdí-igi ló borí.” Òótọ́ ni. Adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-ò-jorí. Ní 1958 Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Àpapọ̀ yí i padà, ní 1962 Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí ìyípadà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í pé ta ló láṣẹ láti yan orí-ò-jorí bí àríyànjiyàn bá wà láàárín àwọn ọmọ, ó dákẹ́. Olórí ẹbí ni. Àkékúrú tí ẹ̀rọ ṣe fún un kò dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìjà ogún ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú agbo ilé.

Ẹ̀rọ tó fo nǹkan dá ṣì sàn. Ní 2023, ní New York, àwọn agbẹjọ́rò méjì kó ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí, tí ChatGPT hun jọ, síwájú adájọ́ nínú ẹjọ́ Mata àti iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Avianca. Ìtanràn 5,000 dọ́là ni adájọ́ bù lé wọn àti iléeṣẹ́ wọn. Láti ìgbà tí mo ti sọ ìtàn yìí, ẹni tó bá dárúkọ ẹjọ́ lọ́dọ̀ mi gbọ́dọ̀ ka ojú-ìwé ìdájọ́ náà sókè. Wọ́n kùn. (Èmi náà mọ̀ pé dátà wọ́n.)

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, fóònù pọ́ọ́kú tó lè ṣí ojú-ìwé ìdájọ́ ti tó. Ẹ fi owó tó kù ra ìwé Òfin Ẹ̀rí ti 2011.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yẹn, ọmọbìnrin Ìnísà kan lọ jókòó ti ìyá ìyá rẹ̀, ó tan fóònù, ó ní, “Ìyá àgbà, báwo ni wọ́n ṣe pín oko bàbá yín?” Ìyá sọ̀rọ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó dárúkọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, odò tó pààlà oko, àti ẹ̀gbọ́n tí inú bí títí ó fi kó lọ sí Òkukù. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni kọ sílẹ̀ rí nínú rẹ̀. Nígbà tí ó gbé ohùn náà wá, ẹni tó sábà máa ń yára jù ló kọ́kọ́ dìde: abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ní ẹni tó bá fẹ́ fi ohun tí kọ̀ǹpútà tọ́jú ṣe ẹ̀rí gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Bí ẹjọ́ bá dé lórí oko yẹn, ṣé ohùn inú fóònù yóò tó, tàbí adájọ́ yóò ní kí ìyá wá fúnra rẹ̀?

Ọjọ́ Sátidé ni a ó gbé e yẹ̀ wò. Ìyá àgbà ti gbà kí a pe òun sórí Zoom, ṣùgbọ́n ó ní kí a jẹ́ kí òun jẹun tán ná.