Ooru Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Òkun: Owó Tó Ń Bá Èéfín Lọ

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó bá rí èéfín tó ń jáde lórí ọkọ̀ òkun ńlá lè rò pé èéfín lásán ni, ṣùgbọ́n owó ló ń fò lọ yẹn. Nínú epo tí ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń jó, nǹkan bí ìdajì péré ló ń ti ọkọ̀ síwájú. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ń bá èéfín gbígbóná jáde. Omi àti afẹ́fẹ́ tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù lọ.

Ọgbọ́n àtigba ooru yìí padà kì í ṣe tuntun. Ọkọ̀ Emma Mærsk, tí wọ́n kàn ní Odense lórílẹ̀-èdè Denmark ní ọdún 2006, ní in. Èéfín rẹ̀ ń gba inú ìkòkò irin ńlá kọjá, á sì sọ omi ibẹ̀ di oru tó ń yí ẹ̀rọ amúnáwá. Irú ètò yìí lè fún ọkọ̀ ní agbára tó tó nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, láì da epo kún epo.

Kí ló wá dé tí kò fi sí nínú gbogbo ọkọ̀ ńlá? Àwọn kan ní ó wọ́n, ó sì ń gba àyè. Òótọ́ ni. Òótọ́ sì ni pé nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún 2008, tí àwọn ọkọ̀ ń rọra rìn kí wọ́n lè dín owó epo kù, ooru tó ṣeé gbà padà náà dín kù. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tí wọn kì í fẹ́ sọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń háyà, ẹni tó ni ọkọ̀ kọ́ ló ń ra epo, ẹni tó háyà rẹ̀ ni. Ta ni yóò náwó sórí ohun tí ẹlòmíràn yóò jẹ èrè rẹ̀?

Òfin ló lè tú irú kókó yìí. Àjọ IMO, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun lágbàáyé, gbé òfin kalẹ̀ lórí bí ọkọ̀ tuntun yóò ṣe máa ṣọ́ epo lò, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2013. Ní ọdún 2023, òfin tí wọ́n fi ń fún ọkọ̀ ní máàkì láti A dé E bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Síbẹ̀, ọkọ̀ tó bá gba E, ètò àtúnṣe ni wọ́n ní kó kọ wá, kò sí owó ìtanràn. Nígbà tí wọ́n pàdé ní London ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025 láti fọwọ́ sí owó tí ọkọ̀ tó ń tú èéfín jù yóò máa san, ńṣe ni wọ́n sún un síwájú fún ọdún kan.

Ó yẹ kí àwọn aṣojú Nàìjíríà ní IMO dúró gbọin pé kí òfin di ẹrù ooru yìí lé ẹni tó ń kan ọkọ̀ tuntun lórí, nítorí ìgbà tí wọ́n bá ń kàn án ló rọrùn jù láti fi sí i. Owó epo wà nínú owó ẹrù tó ń gúnlẹ̀ sí Àpápá àti Lẹ́kí. Ìyá tó ń ra òkú Èkó lọ́jà kò mọ ẹni tó ni ọkọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ń san lára owó tó bá èéfín lọ.