Kílò Kan Lóṣù, Kílò Ni

Ní Abuja níbi tí mo ń gbé, kò sí ibi téèyàn yíjú sí tí kò ní rí ìpolówó tíì tó ń fa ikùn wọlé. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó iná, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ NAPEP, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ káàkiri orí WhatsApp. Ìlérí kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: ọjọ́ 14, kílò 10. Nítorí ọjọ́ 14 yẹn ni mo ṣe mú kálàmù.

Tíì náà kọ́ ni olórí ọ̀tá mi. Èrò tó bí i ni mo ń bá jà, èrò tó ti wọ gbogbo wa lára, tó sì ti wọ àwọn oníṣègùn kan pàápàá: pé bí ara kò bá tètè fúyẹ́, a jẹ́ pé ohun téèyàn ń ṣe kò ṣiṣẹ́. Èrò yẹn ló ń mú kí ẹni tó ti dín gààrí àti ìrẹsì kù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà padà sídìí ẹ̀bà tìbínú-tìbínú, bí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì.

Èmi fúnra mi, oṣù 14 rèé tí mo ti dín sítáàṣì àti ṣúgà kù nínú oúnjẹ mi, ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní low-carb. Kílò 101 ni ìwọ̀n mi lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ó ti di 89. Ẹ ṣírò ó, kò tó kílò kan lóṣù. Nígbà tí obìnrin kan ní ọ́fíìsì wa gbọ́, ó ní, "Háà, madam! Gbogbo ìyà tí ẹ fi jẹ ara yín yìí, kílò 12 péré?" Mo ní kó bá mi gbé àpò ìrẹsì kílò 10, kó fi ìgò omi méjì tó jẹ́ líta kọ̀ọ̀kan lé e, kó sì gbé e gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta ilé iṣẹ́ wa, nítorí lífítì ti kú láti ọdún tó kọjá. Ó rẹ́rìn-ín, kò gbé e. Èmi ti ń gbé e fún ọdún pípẹ́ kí n tó sọ ọ́ kalẹ̀.

Oṣù àkọ́kọ́ ni ìtànjẹ ti máa ń wọlé. Ara èèyàn a máa tọ́jú sítáàṣì pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, ní ìrísí ohun tí wọ́n ń pè ní glycogen, nǹkan bí gíráàmù 400 sí 500 nínú àgbàlagbà. Gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ló so mọ́ omi tó tó nǹkan bíi gíráàmù 3. Bí ẹ bá dá iṣu, ìrẹsì àti búrẹ́dì dúró, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ná ohun tó fi pamọ́, omi inú rẹ̀ á sì bá ìtọ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè gun òṣùwọ̀n lẹ́yìn ọjọ́ méje kí ẹ bá a pé kílò méjì ti lọ. Inú yín á dùn, ẹ ó pe àbúrò yín ní Kaduna. Ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó lọ yẹn. Ọ̀rá ṣì jókòó síbi tó wà.

Ọ̀rá ní ìṣirò tirẹ̀. Kílò kan ọ̀rá ara gbé nǹkan bí kálórì 7,700 dání. Bí oúnjẹ òòjọ́ yín bá fi kálórì 300 dín sí ohun tí ara yín ń ná, nǹkan bí ọjọ́ 26 ni kílò kan máa gbà kó tó lọ. Kálórì 300 kò sì tó èyí tó wà nínú gààrí gbígbẹ gíráàmù 100. Kílò kan lóṣù tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, ohun tí ìṣirò fúnra rẹ̀ mú wá ni. Ẹ wá yí i padà sí ẹ̀gbẹ́ oníṣòwò. Ẹni tó ní òun máa yọ kílò 10 ọ̀rá ní ọjọ́ 14, ó ń sọ pé ẹ máa fi kálórì 5,500 dín lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń jókòó sídìí tábìlì kì í ná ìdajì ìyẹn láti àárọ̀ dé alẹ́. Ibo ni ẹ ti fẹ́ yọ ọ́?

Inú ìfun ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ewé senna tó ń mú inú ṣí wà nínú ọ̀pọ̀ irú tíì bẹ́ẹ̀. Ẹ ó ṣu, ẹ ó tọ̀, òṣùwọ̀n á sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rá ò ní gbọ́ nǹkan kan. Àwọn kan tiẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sibutramine, òògùn tí wọ́n mú kúrò lórí àtẹ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní 2010 nítorí ewu tó ń ṣe fún ọkàn, ti jẹ́ ohun tí àwọn aláyẹ̀wò ń bá léraléra nínú òògùn ìfọnra tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí. Ìkánjú wa ni ọjà tí wọ́n ń tà sí.

Àwọn kan rò pé àṣà TikTok ni ọ̀rọ̀ sítáàṣì yìí. William Banting, ọkùnrin kan tó ń ṣètò ìsìnkú ní London, ló tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní 1863 nípa bí dókítà rẹ̀, William Harvey, ṣe ní kó jáwọ́ nínú búrẹ́dì, ṣúgà, ọtí bíà àti ànàmọ́ òyìnbó. Ìwé náà lókìkí débi pé títí dòní, banta ni àwọn ará Sweden ń pe kéèyàn máa ṣọ́ oúnjẹ jẹ kó lè fọn. Ohun tí wọn kì í sábà sọ nípa bàbá yìí ni iye àkókò tó gbà á. Pọ́n-ùn 46, ìyẹn nǹkan bíi kílò 21, ló dín kù, ó sì gbà á tó ọdún kan. Kò tó ìdajì kílò lọ́sẹ̀ kan. Ká ní WhatsApp wà nígbà yẹn ni, wọn ì bá ti sọ fún un lóṣù kejì pé kò ṣiṣẹ́.

Àwọn tó ń polongo low-carb bí ẹ̀sìn náà ń bá wa dá wàhálà sílẹ̀, mi ò ní fi wọ́n bò. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 609. Wọ́n pín wọn sí méjì, apá kan dín ọ̀rá kù, apá kejì dín sítáàṣì kù, fún oṣù 12. Àwọn tó dín ọ̀rá kù fi kílò 5.3 fúyẹ́, àwọn tó dín sítáàṣì kù fi kílò 6. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Kò sí idán níbẹ̀. Èmi yan sítáàṣì nítorí pé ebi kì í pa mí lórí rẹ̀ àti nítorí pé ọbẹ̀ wa ti wà nílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo nọ́ńbà yẹn dáadáa: kílò 6 ní oṣù 12, tòun ti olùkọ́ oúnjẹ tó ń tọ́ wọn sọ́nà. Ìdajì kílò lóṣù. Bí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rí nìyẹn, kò sì sí ìpolówó kan tó máa kọ ọ́.

Ṣé ìwọ̀nba yẹn wúlò? Ìyá mi ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ní ọdún méjì kó tó kú. Nítorí náà, mi ò lè ka ìwádìí nípa àtọ̀gbẹ bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Ní 2002, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà lórí èèyàn tó lé ní 3,000, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ga ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ, fi hàn pé àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti tún ìjẹun wọn ṣe, kí wọ́n sì máa rìn, fi ìpín 58 nínú 100 dín ewu àtọ̀gbẹ kù láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Kì í ṣe sítáàṣì ni wọ́n dín kù, ọ̀rá ni. Ìwọ̀n tí wọ́n ní kí wọ́n dín kù ńkọ́? Ìpín 7 nínú 100 péré. Fún mi, ìyẹn jẹ́ kílò 7. Kílò 7 ni ó lè dúró sáàárín èmi àti ohun tí ojú ìyá mi rí, ẹnì kan wá ń bi mí bóyá ó tó nǹkan.

Èdè wa gan-an kò ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tó bá sanra, a ó ní ara rẹ̀ ń dán, ó ń jayé. Ẹni tó bá fọn, "ó ti rù" ni, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì jìnnà sí àìsàn àti ìṣẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ Hausa àti Ìgbò ní bákan náà ló rí lọ́dọ̀ wọn. Lóṣù kẹwàá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Àbúrò mi, ṣé o ti lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀?" Ẹ ò rí i: ará ọ́fíìsì ní kò hàn rárá, ará ilé ní ó hàn jù. Ẹni tó ń rọra fúyẹ́ kì í tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Ẹ̀sùn tó tún máa ń dé ni pé à ń fi oúnjẹ baba wa sílẹ̀ nítorí òyìnbó. Oúnjẹ baba ta ni? Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn Potogí ló gbé e dé etíkun wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà ni àgbàdo ti wá. Ìrẹsì wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń se ceebu jën ní Dakar, ìjọba amúnisìn Faransé ló ń kó o wá láti Indochina. Iṣu ti wa ni, mi ò jiyàn. Ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn lẹ́bàá odò Niger ní Mali náà ti wa ni. Ṣùgbọ́n ewé, ẹ̀gúsí, ilá, irú, ẹja àti ẹran náà ti wa ni, ta ló wá pàṣẹ pé kí òkèlè ga bí òkè Aso, kí ọbẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè? Ohun tí mo ń jẹ ní Abuja rèé: miyar kuka tó kún fún ẹja, pẹ̀lú tuwo tí kò ju ẹyin lọ, zogale tí wọ́n fi kuli-kuli pò, awara, balangu láti ẹ̀bá ọ̀nà, kindirmo tí kò ní ṣúgà. Bí mo bá lọ sí Accra, kontomire àti tilapia yíyan ń bẹ, màá bù lára banku, màá fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ fi òyìnbó hàn mí níbẹ̀.

Ti owó ni ìbéèrè tó le jù. Sítáàṣì ló rọrùn láti rà, gbogbo wa la sì mọ ohun tí iye owó ẹyin àti ẹran ti dà láti 2023. Mi ò bá ọkùnrin tó ń ru búlọ́ọ̀kù ní Kubwa wí pé ó mu gààrí lọ́sàn-án. Ó ń ná an. Àwa tí à ń jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìrọra yìí sì dínwó ju ìkánjú lọ: ẹni tó ń kánjú ló ń ra ìyẹ̀fun almond àti òróró ólífì tí wọ́n kó wọlé láti òkèèrè. Ẹni tó ní ọdún méjì níwájú lè bẹ̀rẹ̀ látorí kó jẹ ìdajì ìrẹsì tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, kó sì bu ẹ̀fọ́ sí i.

Kò sí ibi tí ìkánjú ti ń ṣe ìparun tó ibi tí òṣùwọ̀n bá dúró. Tèmi dúró sórí 93 fún ọ̀sẹ̀ 11 gbáko. Ó yẹ kó dúró nígbà kan: bí ara bá ṣe ń fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń ná lójúmọ́ ń dín kù, àwo oúnjẹ kan náà kò wá ní mú èsì kan náà wá mọ́. Wọ́n ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní kí n padà sórí tíì. Mo ń bá oúnjẹ mi lọ, mo ń fi òṣùwọ̀n aláṣọ wọn ìbàdí mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ 11 yẹn, ìbàdí mi fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin dín kù. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi tó wà ní 148 lórí 94 nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ti di 132 lórí 84. Òṣùwọ̀n kò gbọ́ ìròyìn yẹn.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fò. Bí ẹ bá ń lo ínsúlíìnì tàbí òògùn àtọ̀gbẹ bíi glibenclamide, ẹ má ṣe dín sítáàṣì kù láìkọ́kọ́ rí dókítà yín, torí ṣúgà lè já wálẹ̀ débi tó máa dá yín gúlẹ̀. Wọ́n ní láti bá yín tún ìwọ̀n òògùn ṣe.

Wọ́n wo àwọn èèyàn 14 tó díje nínú eré tẹlifíṣọ̀n The Biggest Loser ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀ yọ ọ̀pọ̀ kílò. Ní 2016, èsì jáde lórí ohun tó kù lẹ́yìn ọdún mẹ́fà: bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀ papọ̀, nínú kílò 58 tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yọ, nǹkan bíi 41 ti padà. Mi ò ní parọ́ pé ẹni tó rọra kò ní sanra padà; ara gbogbo wa ló ń bá wa jà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè, bí mo bá jókòó sídìí àwo kan, bóyá mo ṣì lè máa jẹ ẹ́ ní ọdún mẹ́fà sí i. Miyar kuka, mo lè jẹ ẹ́. Tíì tó ń mú inú ṣí, rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín fún. Àwòrán méjì tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ òpó iná, ti kó tó mu ún àti ti ìgbà tó mu ún tán, ẹ fi ẹ̀kẹta kún un: oníbàárà kan náà, ní oṣù 12 lẹ́yìn náà. Ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 89 tèmi.